Ìlò Àmì Àbùdá Àjogúnbá fún Pípín Àlùbọ́sà àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀ sí Ìsọ̀rí

1. Ìfáàrà
Inú ìran ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Allium ni àlùbọ́sà àti ááyù wà. Ẹ̀yà tó wà nínú ìran yìí lé ní 800, ewéko igbó àti ti orí òkè sì ni púpọ̀ nínú wọn. Linnaeus ni ó sọ àlùbọ́sà ní Allium cepa ní 1753. Ìrísí ewé, òdòdó àti kókó abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń pín wọn nígbà náà. Ìbéèrè tó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni pé: ǹjẹ́ ìrísí nìkan tó láti fi mọ ẹbí?

2. Àbùkù Ìrísí
Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ilẹ̀, omi àti oòrùn lè yí ìrísí ewéko padà. Àgbẹ̀ tó ń ṣa èyí tó wù ú gbìn náà lè mú kí ẹ̀yà méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá jọra. Kíka kùrómósóómù kò sì yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí 16 ni iye rẹ̀ nínú àlùbọ́sà àti nínú àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ.

3. Ohun tí Àmì Àbùdá Jẹ́
Ibi kan pàtó nínú DNA, tó yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, tí òbí sì ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, ni àmì àbùdá. Ọ̀dá tàbí ilẹ̀ ṣíṣá kì í pa á dà. Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ni DNA gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ti ń wá. Ti chloroplast, ọ̀dọ̀ ìyá ni ó ti ń wá nínú àlùbọ́sà. Bí ẹ̀rí méjèèjì bá yapa, ìfura dé pé ẹ̀yà méjì ti dàpọ̀ rí. Bí ọ̀rọ̀ Allium roylei ti ilẹ̀ Íńdíà ti rí nìyẹn: DNA gbùngbùn rẹ̀ sún mọ́ ti àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n ti chloroplast rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

4. Àpẹẹrẹ kan
Àwọn àgbẹ̀ Faransé ń gbin àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ kan tí èèpo rẹ̀ dà bí eérú. Wọ́n ti kà á mọ́ Allium cepa nítorí pé ó jọ àwọn àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ yòókù. Ní 1998, Friesen àti Klaas fi àmì àbùdá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ìdílé Allium oschaninii, ewéko igbó Àárín Gbùngbùn Éṣíà, ni ó ti wá. Àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀ pé oschaninii yìí gan-an ni baba ńlá àlùbọ́sà. Àmì àbùdá fi hàn pé Allium vavilovii, tí ń hù ní Turkmenistan àti Ìráànù, ló sún mọ́ àlùbọ́sà jù ú lọ.

5. Àǹfààní Rẹ̀
Ẹni tó mọ ẹbí ni yóò mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti lè wá. Allium roylei kò gba àrùn kan tí ń ba ewé àlùbọ́sà jẹ́. Nítorí pé ó ṣeé mú pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà, àwọn onímọ̀ ti gbé àbùdá ààbò yìí wọ inú àlùbọ́sà oko. Ọmọ tí àlùbọ́sà bá bí pẹ̀lú Allium fistulosum, ní tirẹ̀, sábà máa ń yàgàn.

6. Ìgúnlẹ̀
Àmì àbùdá kò lé ìrísí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣi ewéko kan pè láti oko, àṣìṣe náà ni yàrá àyẹ̀wò yóò máa tún sọ. Ó yẹ kí ojú tó mọ ewéko kọ́kọ́ rí i, kí DNA tó wá jẹ́rìí sí i.