Àwọn Ọmọ Wa àti Èdè Ṣáínà

Kí ni àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ èdè Ṣáínà ní Yunifásítì Èkó ń wá? Oúnjẹ òòjọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ni ó ṣe ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 2021. Wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá lè ṣe ògbufọ̀ láàárín ọ̀gá àti lébìrà yóò níyì. A kò bá wọn wí. Èdè olóhùn ni, bí tiwa: mā ni ìyá, mǎ ni ẹṣin, ẹni tí ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé púpọ̀ nínú wọn, tí ń fi àmì ohùn sórí mā láìṣìṣe, kì í fi ọ̀kan ṣoṣo sórí Yorùbá tí wọ́n bá kọ sí ìyá wọn.