Ẹni tí Ọtí Ti Sọ Di Ẹrú: Ìbáwí Kọ́ Ni Ó Kù, Ẹgbẹ́ Ni

Kò sí ẹnì kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí kò mọ irú ọkùnrin yìí: ó mọ̀wé, ó mọṣẹ́, ọmọlúàbí sì ni, ṣùgbọ́n ọtí ti gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹbí pe ìpàdé lé e lórí. Wọ́n bá a wí, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n mú un búra pé títí ayé òun kì yóò fẹnu kan ọtí mọ́. Ó búra tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó lé, ó ti padà sí ìdí ògógóró. Èrò wa ni pé ìbáwí kọ́ ni irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe aláìní. Ohun tí ó ṣe aláìní ni àwọn tí wọ́n ti jìn sí kòtò kan náà rí, tí wọ́n sì mọ ọ̀nà àbájáde.

Ní oṣù May, 1935, oníṣòwò kan láti New York, Bill Wilson, wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Akron, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òwò tí ó bá lọ ti forí ṣánpọ́n. Oṣù 5 péré ni ó ti fi ọtí sílẹ̀, ó sì ń gbọ́ ariwo àwọn tí ń mutí nítòsí. Dípò kí ó tọ̀ wọ́n lọ, ó lọ sí ìdí tẹlifóònù, ó pe àlùfáà kan, ó ń wá ọ̀mùtípara tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, òun náà yóò ṣubú. Báyìí ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Dókítà náà ní ìṣẹ́jú 15 ni òun fẹ́ fi gbọ́. Wákàtí 6 ni wọ́n fi jókòó. Ọjọ́ 10 oṣù June ọdún náà, tí a kà sí ọjọ́ tí Smith mutí kẹ́yìn, ni a ń pè ní ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, èyí ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mùtípara Aláìdárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ìpàdé wọn ti rí, nítorí ìbẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé. Ìpàdé kan wà tí ó ṣí sílẹ̀ fún tẹbí tọ̀rẹ́. Òmíràn wà fún àwọn tí ọtí ń dà láàmú nìkan. Kò sí owó ìwọlé. A lè gbé igbá kiri fún owó yàrá àti tíì, ṣùgbọ́n kò sí dandan. Ẹgbẹ́ náà kì í sì í gba owó ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ènìyàn fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò dá orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan, yóò sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. A kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, a kì í sì í gbé e jáde. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́. Adájọ́ àti awakọ̀ a máa jókòó lórí irú àga kan náà. Ẹni tuntun a yan àgbà kan nínú ẹgbẹ́ tí ó lè pè lóru bí òùngbẹ ọtí bá dé. Ìgbésẹ̀ 12 ni wọ́n ń tọ̀: èkíní ni kí ènìyàn jẹ́wọ́ pé apá òun kò ká ọtí, ìkẹyìn ni kí ó gbé ìròyìn ayọ̀ náà tọ ẹlòmíràn lọ. Ọlọ́run bí ó ti yé oníkálukú ni wọ́n ń pè. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ lè jókòó pọ̀. Wọn kì í sì í búra títí ayé: ọjọ́ òní nìkan ni wọ́n ń gbà kọjá láìmutí.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kí ó gbọ́ èyí. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Cochrane yẹ ìwádìí 27 wò, tí ó kan ènìyàn 10,565. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tí ó ń mú ènìyàn wọ irú ẹgbẹ́ yìí ń mú kí púpọ̀ sí i jáwọ́ pátápátá ju àwọn ìtọ́jú mìíràn tí a fi wé e lọ. Ṣùgbọ́n a kìlọ̀: ẹni tí ó ti ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Gìrì lè gbé e, ó sì lè kú.

Níbo ni a ó ti rí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Kí a kọ́kọ́ bèèrè ní ilé ìwòsàn. Orúkọ ibi ìpàdé tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn sì ń ṣe ìpàdé lórí tẹlifóònù. Bí ìlú kan kò bá ní, ènìyàn 2 tó láti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 2 náà ni wọ́n ní Akron.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé àṣà òyìnbó ni. Láti 1954, ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan wọn, nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó sì mọ̀ pé láàrin ènìyàn ni ara ènìyàn ti í yá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ìlọsíwájú ilẹ̀ yìí, bí ẹlẹgbẹ́ yín bá gbéra lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tí ó wọ ilé ọtí ní ọ̀sán gangan kò fi ara pamọ́. Èé ṣe tí ẹni tí ó ń jáde kúrò níbẹ̀ yóò fi máa tijú? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.