Bí Oyin Bá Ń Ja Oyin Lólè: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Kí Ẹ Tó Wá sí Kántà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé òkú oyin wá bá wa nínú ọ̀rá, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: wọ́n ti fi májèlé pa oyin àwọn, ará oko kejì ló sì ṣe é. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe nídìí ilé oyin lánàá, wọn á ní àwọn ò ṣe nǹkan kan, àwọn kàn gbé omi ṣúgà sí i nínú abọ́ ni, torí òjò, kí ebi má pa wọ́n.

Abọ́ yẹn lọ̀ràn.

Ẹ má gbé omi ṣúgà síta. Ìbáà jẹ́ nínú abọ́, nínú korobá tàbí nínú ìdérí kúlà. Lásìkò òjò, òdòdó kì í pọ̀, ebi sì ń pa ilé tó lágbára bí ó ti ń pa èyí tí kò lágbára. Ohun dídùn tó bá wà níta ló ń pè wọ́n jọ. Ẹ má sì fi afárá tí ẹ ti fún sílẹ̀ pé kí wọ́n lá a mọ́. Wọn á lá a mọ́ lóòótọ́. Bó bá tán, ilé tí agbára rẹ̀ kéré jù nítòsí ni wọ́n máa kọjú sí. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ wọn, inú ilé wọn ni kí ẹ gbé e sí, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo wọn ti wọlé: ṣúgà ife kan, omi ife kan. Bó bá kán sílẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án.

Bí ẹ ó ṣe dá oyin tó ń jalè mọ̀ nìyí: olè kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé tààrà. Á máa fò sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ dirodiro, á máa gbóòórùn ojú ihò. Ẹ̀ṣọ́ á dì í mú, àwọn méjèèjì á yí gbiri sílẹ̀. Ẹ tún máa rí èérún ìda lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ oyin tó ń kọ́ fífò lọ́sàn-án kì í jà, ilé wọn ni wọ́n ń kọjú sí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dín ẹnu ọ̀nà kù títí oyin kan tàbí méjì péré á fi lè gbà á kọjá, kí ẹ sì fi amọ̀ dí ihò tó kù. Ẹ má dí gbogbo rẹ̀ o, ooru á pa wọ́n. Ẹ má ṣí ilé náà. Ẹ má fín wọn léèéfín, torí ó ń bo òórùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń ta ara wọn lólobó. Oògùn apakòkòrò, rárá: á pa olè, á pa onílé, oyin inú afárá kò sì ní ṣeé jẹ. Ilé tí kò ní ayaba mọ́, ẹ dà á pọ̀ mọ́ òmíràn lẹ́yìn tí ìjà bá rọlẹ̀.

Ọ́fíìsì yìí kì í dájọ́ pé oyin ta ló jalè, a kì í sì í gba owó ìtanràn fún ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ wa lè wá wò ó, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ló ń wá. Bí ẹ ò bá rí i ní aago méjì ọ̀sán, kò gbàgbé yín.