Káàdì Àkọ́kọ́ Fẹ́ni Tí Báǹkì Kò Tíì Mọ̀

Ní Ìgbẹ̀ìn níbí, ní Abẹ́òkúta, bí èèyàn bá fẹ́ ra ọjà láwìn, agboolé rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ ta ni? Ta ni ìyá rẹ̀ ń bá nájà? Àwọn òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú láyé àwọn bàbá wa, kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mọ ilé oníbàárà, wọ́n mọ ọjọ́ owó. Tọ́jọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde.

Báǹkì kò mọ agboolé. Ẹ̀ka ìyánilówó ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rí i lójú mi bí wọ́n ṣe ń dá àwọn èèyàn gidi padà. Mo rántí ìyá aláàdìrẹ kan láti Ìtòkú. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gba bọ́ńdù aṣọ funfun láwìn, tó ń san án pé, tó sì ń dájọ láìyẹ̀ ọjọ́. Nígbà tó wá yáwó lọ́dọ̀ wa, òfo ni kọ̀ǹpútà gbé jáde nípa rẹ̀. Alájọ kì í kọ orúkọ ránṣẹ́ síbi kankan, ẹni tó ń ta aṣọ fún un náà kì í kọ ọ́. Lójú tiwa ní báǹkì, bí ẹni tí kò yáwó rí láyé ló rí.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí báǹkì ti ń wo ìwà èèyàn. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ni CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fún níwèé àṣẹ láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè ní Nàìjíríà: CRC Credit Bureau, FirstCentral àti CreditRegistry. Báǹkì ńlá àti máíkírófínáǹsì ń fi orúkọ ẹni tó yáwó ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ń kọ iye tó yá, wọ́n sì ń kọ bóyá ó san án lásìkò. BVN, nọ́ńbà oní-dígíìtì mọ́kànlá tí wọ́n gbé dé ní 2014, ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ lè ní àkáǹtì ní báǹkì márùn-ún, ẹnì kan náà ni yín nínú ìwé yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ olùkọ́, ló mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, credit card báǹkì wo ló dáa jù?"

Mo ní, "Dìde jókòó. Kí lo fẹ́ fi rà?"

Ó ní fíríìjì ni.

Mo ní kó gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ilé ìwé wọn lọ fún fíríìjì. Mi ò fi káàdì gbà á nímọ̀ràn fún ohun tí owó oṣù kan kò lè san tán. Káàdì ATM tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa, owó ara ẹni ló ń ná. Owó báǹkì ni credit card ń ná, báǹkì kì í sì í gbàgbé. Epo mọ́tò, dátà, ọjà oúnjẹ, ohun tí ẹ ti ní owó rẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló yẹ káàdì àkọ́kọ́.

Ẹni tó ń gba owó oṣù sínú báǹkì kan, báǹkì náà ni kó kọ́kọ́ lọ bá, torí wọ́n ti ń rí owó tó ń wọlé fún un. Ẹni tó ń ṣòwò tara rẹ̀, irú ìyá Ìtòkú yẹn, kó bèèrè káàdì tí wọ́n ń fi owó oníbàárà fúnra rẹ̀ dúró fún. Ẹ ó fi owó kan pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, wọn á tì í pa, wọn á sì fún yín ní káàdì tí kò ju iye yẹn lọ, tàbí tó dín sí i díẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sí i pé kí ló dé tí èèyàn á fi máa yá owó ara rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Àkọsílẹ̀ ni ẹ ń rà níbẹ̀, ó sì rọrùn ju wíwá onídùúró kiri lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, èlé oṣooṣù ni kí ẹ bèèrè, ẹ má wo ti ọdún nìkan. Ẹ bèèrè owó ìtọ́jú káàdì, kí ẹ sì bèèrè iye ọjọ́ tí ẹ ní láti san owó padà kí èlé tó bẹ̀rẹ̀. Owó kò rọrùn láti yá. CBN gan-an gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá 2024. Ẹ má sì fi credit card gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, nítorí èlé owó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ìwé oṣù bá dé, ẹ óò rí iye kékeré kan tí wọ́n ní kí ẹ san ó kéré tán. Iye yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká ní ẹ jẹ 100,000 náírà, èlé jẹ́ 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, wọ́n sì ní kí ẹ san 10,000. Èlé á mú 3,000 nínú rẹ̀, 7,000 péré ni yóò dín gbèsè kù. Ẹ ṣì jẹ 93,000, ẹ sì lérò pé ẹ ti sanwó! Gbogbo owó ni kí ẹ san, kí ọjọ́ tó pé.

Ẹni tó bá ń ronú pé òun lè sá lọ sí báǹkì mìíràn, kó mọ̀ pé ètò GSI tí CBN bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2020 kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà bí òṣómàáló. Inú àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn ló ń wọlé sí, nípasẹ̀ BVN, tó sì ń yọ owó tí ẹ jẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn áàpù ayánilówó orí fóònù pẹ̀lú. Wọn kì í bèèrè ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìdójútì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù onígbèsè, débi pé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022. Owó kékeré tí ẹ gbàgbé sọ́dọ̀ wọn sì lè wà nínú àkọsílẹ̀ yín.

Àwọn ọmọ wa tó ń ṣí lọ sí Peckham tàbí Houston sábà máa ń bá òfo pàdé lọ́hùn-ún, bí wọ́n tilẹ̀ ti sanwó dáadáa nílé. Ní Amẹ́ríkà, máàkì tó bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850 ni wọ́n fi ń wọn èèyàn. Káàdì tí wọ́n fi owó ara ẹni dúró fún ni ọ̀pọ̀ àlejò fi ń bẹ̀rẹ̀, 200 dọ́là sì tó lọ́pọ̀ ibi. Ní Ìlú Ọba, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin lẹ́tọ̀ọ́ sí i torí a wà nínú Commonwealth, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè sì ń fi ìwé ìdìbò yẹn mọ àdírẹ́sì èèyàn.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gba ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ná. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Ó rí gbèsè áàpù kan tó ti san tán, tí wọn kò tíì pa rẹ́. Rìsíìtì ìsanwó náà ṣì wà nínú fóònù rẹ̀, òun ló sì so mọ́ lẹ́tà ẹ̀hónú tó kọ lọ́jọ́ náà.