Ogun Lé Wọn Sórí Omi: Ṣé Ojú Ọjọ́ Yóò Lé Wọn Kúrò?

Bí ẹ bá ń gbé ní Arlington, ẹ ó ti kọjá lẹ́bàá Lake Arlington rí. Bóyá ẹ tilẹ̀ ti bá àwọn òbí yín lọ sun ẹran níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ogun jà níbẹ̀ kí omi tó bò ó.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 1841, Ọ̀gágun Edward Tarrant kó nǹkan bí 70 ọkùnrin lọ kọlu àwọn abúlé ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà létí odò Village Creek. Ibẹ̀ ni John Denton kú sí. Lọ́dún kan náà ni wọ́n fi igi kọ́ odi kan tó ń jẹ́ Bird's Fort sí apá àríwá ibi tó di Arlington lónìí. Nígbà tó di 1957, wọ́n sé odò náà, omi sì bo púpọ̀ nínú ibi tí wọ́n ti jà. Orúkọ Tarrant ni county wa ń jẹ́ títí di òní. Orúkọ Denton ni wọ́n fi sọ èyí tó wà lókè wa.

Ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀tá kì í kọ́lé bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn baba ńlá wa náà mọ èyí dáadáa. Nílé lọ́hùn-ún, ọ̀tá kan náà, ìyẹn ìjọba Dàhómì, ló mú kí àwọn èèyàn dá ọgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun abẹ́lé ti lé kúrò nílé, tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Wọ́n mọ odi yí ìlú ká, wọ́n sì lé Dàhómì padà ní 1851 àti ní 1864. Àwọn ará Kétu gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ odi, wọ́n sì ṣe ẹnubodè ńlá tí à ń pè ní Àkábà Ìdènà. Dàhómì ṣẹ́gun Kétu ní 1886, ṣùgbọ́n ẹnubodè náà ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn kan ti dá ọgbọ́n tiwọn ṣáájú ìgbà yẹn. Láàárín ọ̀rúndún 17 sí 18, àwọn Tofinu, tí wọ́n bá àwọn Ẹ̀gùn Bàdágìrì tan, ń sá fún àwọn tó ń kó èèyàn tà sóko ẹrú. Wọn kò ní àpáta, wọn kò sì mọ odi. Wọ́n bọ́ sórí ọ̀sà Nokoué, nítòsí Cotonou tí àwọn òbí yín ń pè ní Kútọnu, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́lé lé e. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dàhómì láti jagun lórí omi. Ganvié ni wọ́n pe ìlú náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí "a ti rí ìgbàlà."

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn ń jẹ níbi tí kò ti sí ilẹ̀ láti dáko? Ẹja ni. Àwọn ará Ganvié máa ń ri ẹ̀ka igi sínú ọ̀sà, acadja ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀ka náà bá ti ń rà, oúnjẹ ẹja á hù sí i lára, èpìyà á wá jẹ níbẹ̀, wọ́n á sì máa bí sí i. Tó bá pẹ́ díẹ̀, apẹja á fi àwọ̀n yí i ká, á sì kórè. Oko ni, inú omi ló kàn wà.

Omi méjì ló ń pàdé nínú ọ̀sà yìí. Odò Ouémé àti odò Sô ń da omi dídùn sí i. Omi òkun sì ń gba ọ̀nà tí àwọn Faransé là ní Cotonou ní 1885 wọlé. Lásìkò òjò, omi dídùn á borí. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á wọlé, àwọn ẹja òkun, edé àti akàn á sì bá a wọlé. Apẹja mọ ìgbà tí kálukú ń dé, bí ìyá ọlọ́jà ṣe mọ ọjọ́ ọjà.

Ìṣirò yìí ni àyípadà ojú ọjọ́ ń dà rú. Èéfín epo tí à ń jó ń mú ayé gbóná, òkun ló sì ń gba ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ooru náà mọ́ra. Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀, nítorí náà òkun ń ga, iyọ̀ sì ń rí ọ̀nà wọ inú ọ̀sà sí i. Omi gbígbóná kì í gba oxygen tó ti omi tútù, bẹ́ẹ̀ ìgbà ooru gan-an ni ẹja nílò rẹ̀ jù. Bí òjò bá pẹ́ kó tó rọ̀, iyọ̀ á pọ̀ jù fún ẹja omi dídùn. Bó bá sì rọ̀ lárọ̀jù, bí irú èyí tó fa omíyalé ńlá ní Benin ní 2010, omi dídùn á lé edé jáde. Kì í ṣe ojú ọjọ́ nìkan ló jẹ̀bi o. Ìdọ̀tí ìlú àti àwọ̀n olójú kéékèèké wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi ilé kíkọ́ dáhùn. Ní Mákòókó l'Ékòó, níbi tí ọ̀pọ̀ Ẹ̀gùn ń gbé lórí òpó bí ti Ganvié, ayàwòrán ilé Kúnlé Adéyẹmí kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń léfòó lórí àgbá ike ní 2013. Bí omi bá ga, ilé á bá a ga. Òjò ńlá wó o ní 2016. Ká tilẹ̀ ní kò wó, ẹja ńkọ́? Èèyàn lè mú kí òpó ilé rẹ̀ gùn sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣe òpó fún ẹja. Bí ẹja bá sì lọ, àwọn ará Ganvié á kó lọ sórí ilẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìnbọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Arlington. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Texas ló ń tú èéfín carbon jáde jù. Mọ́tò la fi ń lọ síbi iṣẹ́, mọ́tò la fi ń lọ sóde àríyá. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì mọ̀ pé ogun làwọn ń jà. Àwa ń jà á láìmọ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún délé, ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Cotonou, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Abomey-Calavi lọ sí Ganvié. Bí ẹ bá ti ya fọ́tò tán, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tukọ̀ pé kí ló bá nínú àwọ̀n rẹ̀ láàárọ̀.