Búrẹ́dì Agége: Iṣẹ́ Ìdílé tí Kò Tíì Ní Oríkì

Bí a bá gbọ́ orúkọ bí Àyánwálé, a mọ̀ pé ọmọ onílù ni. Bí a bá gbọ́ Ògúndélé, ọkàn wa á lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó ti ń bọ́ láti ọwọ́ òbí sọ́wọ́ ọmọ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún láàárín wa, tí kò ní orúkọ àbísọ kankan. Iṣẹ́ búrẹ́dì ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá búrẹ́dì Agége tí ọ̀pọ̀ wa fi ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn.

Níbo ló ti wá?

Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ àbáláyé wa, nítorí àlìkámà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì, "àkàrà" ni wọ́n yá lò fún un ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n sì pe ohun tí ń mú un wú ní "ìwúkàrà". Lẹ́nu àwọn ará ọjà, "búrẹ́dì" àti "yíìsì" ló borí.

Ẹni tó sọ ọ́ di òwò ńlá ní Èkó ni Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá sí Nàìjíríà ní 1913 láti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè. Ní 1921, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Òun ló mú ẹ̀rọ tí ń tẹ ìyẹ̀fun pípò láàárín irin rìbìtì méjì wọ iṣẹ́ náà níbí. Kí ó tó kú ní 1954, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é. Àwọn tó ń sọ ìtàn búrẹ́dì Agége máa ń dárúkọ Alhaji Ayọ̀kúnnú pé òun ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Agége. Ojú ọ̀nà rélùwéè ni Agége wà, èrò ọkọ̀ ojú irin sì ń ra búrẹ́dì kọjá.

Kí ni ọmọ ń kọ́?

Ohun èlò rẹ̀ kò ju ìyẹ̀fun àlìkámà, omi, ṣúgà, iyọ̀, yíìsì àti bọ́tà díẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìwọ̀n wọn sílẹ̀. Ohun tó ṣòro láti kọ sílẹ̀ ni ọgbọ́n ọwọ́.

Wọn á po ìyẹ̀fun, wọn á sì tì í bọ inú ẹ̀rọ léraléra títí yóò fi máa dán. Títẹ̀ yìí ló jẹ́ kí búrẹ́dì Agége ki, kí ó sì máa fà bí a bá ya á. Ọmọ á fọwọ́ kàn án kí ó tó mọ̀ pé ó ti tó. Wọn á gé e, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á tò ó sínú agolo tí wọ́n ti fi òróró pa, wọn á sì fi í sílẹ̀ kó wú. Yíìsì jẹ́ ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń jẹ ṣúgà, tó sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Nígbà ọyẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀. Nígbà ooru, á yára. Nítorí náà, aago nìkan kò tó. Ojú ló ń sọ ọ́.

Ààrò tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi ni wọ́n ń dá sínú ààrò alámọ̀ tàbí oníbíríkì. Bí ó bá gbóná tán, wọn á wa ẹyin iná kúrò. Alágbà tó ń yan á wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀ ààrò: bí ó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, ooru ti pọ̀ jù, bí ó bá wà ní funfun, ooru kò tó, bí ó bá pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó yá.

Ogún kẹta ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Àwọn ìyá tí ń kiri máa ń gba búrẹ́dì láwìn ní ìdájí, wọn á san owó ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tó gba ààrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ gba àwọn oníbàárà wọ̀nyí pẹ̀lú.

Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́

Àkọ́kọ́ ni ìyẹ̀fun. Láti òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà wa ti ń wá, nítorí náà bí náírà bá já wálẹ̀, ilé búrẹ́dì ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Ní 1987, ìjọba tilẹ̀ fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Èkejì ni ọ̀nà ẹ̀bùrú. Potassium bromate máa ń mú ìyẹ̀fun lágbára, kí búrẹ́dì lè wú bàǹbà láìsí sùúrù púpọ̀. Àyẹ̀wò lára ẹranko fi hàn pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, NAFDAC sì ti fòfin dè é nínú búrẹ́dì. Ẹ wò ó dáadáa: ohun tí bromate ń gbà ṣe ni iṣẹ́ àkókò àti ọwọ́, èyí gan-an tí òbí fi ń kọ́ ọmọ. Ibi tí ọgbọ́n ìdílé bá ti kú, kẹ́míkà ni yóò gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kàn wá gan-an. Owó búrẹ́dì ló rán àwọn kan nínú wa wá sí yunifásítì, ọ̀pọ̀ kò sì ní padà sídìí ààrò. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀; ìdí tí òbí fi jí lóru nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọmọ tí kò lè yan búrẹ́dì lè jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ irinṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó tó ṣe ní ẹ̀ka wa nìyẹn, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n sì ń jí ní aago méjì òru.