Owó Ìyàwó Ni Wọ́n Fi Bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Ilé-iṣẹ́ Infosys

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé owó lọ sí báńkì. Akọ̀wé á tẹ kọ̀ǹpútà, iye owó tí a ní á sì yọ sójú rẹ̀. Àwọn báńkì ńlá wa, irú bíi First Bank àti UBA, ti lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Finacle fún iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Infosys ti ilẹ̀ Íńdíà ló ṣe é. Ìtàn wọn la fẹ́ sọ lónìí, torí pé owó obìnrin ló wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ wọn gan-an? Ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ kì í dá gbogbo oúnjẹ sè. Á gbé e fún alásè, wọ́n á jọ dá iye, òun á wá máa tọ́jú àlejò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣe ń gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn fún àwọn ará Íńdíà. Owó iṣẹ́ kéré níbẹ̀, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì pọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ á ti mọ́ ní Íńdíà. Kí oníṣẹ́ tó jí, iṣẹ́ á ti lọ síwájú. Ọjà wọn kì í wọ ọkọ̀, kì í dúró ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Orí wáyà ló ń gbà lọ.

Ní 1981, ní ìlú Pune, Narayana Murthy àti ọkùnrin mẹ́fà míì dá Infosys sílẹ̀. Wọn ò lówó lọ́wọ́. Sudha, ìyàwó Murthy, ló ní. Ẹnjiníà lòun náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ TELCO gbà sí iṣẹ́ ẹnjiníà. Díẹ̀ díẹ̀ ló ń fi owó pamọ́. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé 10,250 rúpì lòun ní nígbà náà. Òun fún ọkọ òun ní 10,000, òun mú 250 pamọ́ nítorí ọjọ́ tí a ò mọ̀. Ẹ ò rí ọgbọ́n obìnrin!

Inú ilé wọn náà ni ọ́fíìsì wà. Sudha ń dáná, ó ń ṣe akọ̀wé, ó tún ń bá wọn ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Íńdíà le nígbà yẹn. Láti rí ìwé àṣẹ kó kọ̀ǹpútà kan wọ̀lú, ó ju ọdún kan lọ. Tẹlifóònù lásán, ó tó ọdún kan kí wọ́n tó rí i. Ní 1983 wọ́n kó lọ sí Bangalore.

Nígbà tó di 1990, ó ti sú àwọn kan nínú wọn. Ẹnì kan ní òun á ra ilé-iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Murthy ní, "Bí ẹ bá fẹ́ tà, èmi ni kí ẹ tà á fún." Bí wọ́n ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó tà mọ́. Ní 1991 ìjọba tú òfin náà, ọ̀nà sì là. Ní 1999 wọ́n di ilé-iṣẹ́ Íńdíà àkọ́kọ́ tó wọ ọjà ìdókòwò NASDAQ ní Amẹ́ríkà. Ní 2004, owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún kan kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ kà á wò: ọdún mẹ́tàlélógún ni. Òṣìṣẹ́ wọn ti ju 300,000 lọ báyìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ lò? Ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún òṣìṣẹ́ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́, èyí tí à ń pè ní ṣíà. Bí ọjà bá tà, òṣìṣẹ́ náà á jẹ níbẹ̀. Ní ìlú Mysore, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ iṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá; lọ́dọ̀ tiwọn, owó oṣù ni ọmọ ń gbà bó ṣe ń kọ́ṣẹ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Oníbàárà wọn kan, General Electric ti Amẹ́ríkà, nìkan ló ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó wọn wá. Ní 1995 ó ní kí wọ́n já owó iṣẹ́ wálẹ̀ gan-an. Wọ́n rò ó, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ra kí oníbàárà kan ṣoṣo má baà gba gbogbo ilé lọ́wọ́ wọn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà fún ẹnì kan ṣoṣo, ẹ gbọ́ o.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ní 2023, Murthy ní kí àwọn ọ̀dọ́ Íńdíà máa fi wákàtí 70 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú sí i. Àwa tí à ń jí ní agogo márùn-ún òwúrọ̀ ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò kàn sẹ́ni tó ń kà á ni.

Èyí tó dùn wá jù ni ti Sudha. Murthy ní tọkọtaya ò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó tó mú owó wá bọ́ sẹ́yìn. Ní 2024, Murthy fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ayé pé òun ṣe àṣìṣe, pé Sudha kún ojú ìwọ̀n ju òun àti àwọn mẹ́fà yòókù lọ. Ó lé ní ogójì ọdún kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde.

Ẹ̀yin ìyá wa, mélòó nínú wa ló ti kó owó àjọ fún ọkọ tàbí ọmọ láti fi ṣòwò, tí kò sí ìwé kankan? Ṣé ẹ̀bùn ni, ṣé ẹ̀yáwó ni, àbí ìpín ni? Ẹ jẹ́ kó yé tọ̀tún tòsì lọ́jọ́ tí owó ń kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kó wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé, a ó bá a kọ ọ́, a ò ní gba kọ́bọ̀. Kì í ṣe ìjà, kì í ṣe àìfọkàntánni. Ohun tó wà nínú ìwé kì í gbàgbé ni.